Ìṣísẹ̀ Mọ́kànlá

Kí wọ́n tó da ọ̀dà sí títì Kúbwá,
èmi Adéṣọ̀kàn wà níbẹ̀, mò ń fa ẹ̀wọ̀n ìwọnlẹ̀,
ṣòkòtò kákí, bàtà tó kún fún iyanrìn pupa.
Ọ̀gá á ní, "Fẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n ná, ká wo ohun tí ẹ̀wọ̀n máa wí."
Mo bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan, èjì, títí dé bèbè kejì:
ìṣísẹ̀ mọ́kànlá.
Ẹ̀wọ̀n ò já mi nírọ́ rí.

Láàárọ̀ yìí mo tún un kà.
Mo ka mẹ́rìndínlógún, àárín ni mo ṣì wà.
Ta ló mú títì yìí fẹ̀ sí i lóru?
Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.
Ìṣísẹ̀ mi ló súnkì
bí bùbá àlòkù tí wọ́n fi omi gbóná fọ̀.

Ojú ńkọ́?
Nígbà kan, bí tírélà bá yọ lórí òkè,
mo mọ iye ìṣísẹ̀ tó kù fún mi,
mo mọ èyí tó kù fún òun.
Ìṣirò ni, mo sì mọ̀ ọ́n ṣe.
Nísinsìnyí mọ́tò a dúró lọ́ọ̀ọ́kán bí àwòrán ara ògiri,
a dúró, a dúró,
àfi fìrì! Afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti gbá etí fìlà mi,
dẹ́rẹ́bà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń fọn fèrè lẹ́yìn,
bí ẹni tó wá ṣe kú àbọ̀ fún ẹni tó ti sùn.

"Bàbá, afárá wà lókè, kí ló dé tí ẹ ò gbà á?"
Fìjàbí ọmọ mi ló ń bi mí lórí fóònù, láti Kàdúná.
Afárá wà lóòótọ́. Mo máa ń kí i láti ìsàlẹ̀.
Àtẹ̀gùn mẹ́tàlélógójì àtigùn,
mẹ́tàlélógójì àtisọ̀,
irin àfọwọ́mú sì parí sí ìkẹrìnlá:
wọ́n ti tú ìyókù tà fún baban-bólà.
Mo gùn ún lẹ́ẹ̀kan, nígbà ọyẹ́.
Mo jókòó sí agbedeméjì bí ẹrù tí aláàárù gbàgbé,
àwọn ọmọ iléèwé ń rá gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá,
"Sannu, Baba. Sannu."
Ẹni tó ya àwòrán afárá yẹn, ó dá mi lójú,
ìyá rẹ̀ kì í wá kí i lẹ́nu iṣẹ́.

Àwọn àgbà ní ọmọdé tó ṣubú a wo iwájú,
àgbà tó ṣubú a wo ẹ̀yìn.
Wọn ò tíì mọ títì nígbà yẹn.
Níbí, ẹni tó bá ṣubú, òsì ni kó tètè wò.

Níbi tí mo ti ń retí àlàfo,
ìyá Gwárí kan wá dúró tì mí,
igi ìdáná léjìká, bí wọ́n ti ń ṣe, kì í ṣe lórí,
ọrùn rẹ̀ ti tẹ̀ sápá kan láti ọjọ́ pípẹ́.
N ò gbọ́ Gwárí. Kò gbọ́ Yorùbá.
Haúsá àwa méjèèjì ò ju ti ọjà lọ.
"Baba, mu je?"
Mo ní ká jẹ́ kí tọ̀hún kọjá.
Tọ̀hún kọjá. Òmíràn tẹ̀lé e.
Ó fọwọ́ kan etí rẹ̀, ó mirí.
Mo fọwọ́ kan ojú mi, mo mirí.
Ojú tirẹ̀, etí tèmi:
a dá a jọ bí èsúsú.

Ó di ọwọ́ mi mú. A bọ́ sójú ọ̀dà.
Onígọ́ọ̀fù kan tẹ bíréèkì, ó yọrí síta, ó bú wa.
Ó dúró ná. Mo fi ìyẹn sí i.
N ò ka ìṣísẹ̀ kankan lónìí,
ọwọ́ rẹ̀ le bí èèpo igi, òun ni mo gbájú mọ́.

Ní bèbè kejì ó sọ igi kalẹ̀,
ó mí kanlẹ̀,
ó wo títì tó wà lẹ́yìn wa,
ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lédè rẹ̀,
ó na àwọn ìka rẹ̀ sókè, ó ká wọn, ó tún nà wọ́n.

Òun náà ti ń kà á.